Bàtà Ọkọ̀ Kékeré: Bí Táyà Asáré fún Rímù Kékeré Ṣe Di Ọ̀wọ́n

Ní ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, bí a bá ní kí ọmọdé lọ mú Dunlop wá, kò ní yà sí ìdí ọkọ̀ rárá. Bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀ ni yóò gbé wá. Orúkọ ilé-iṣẹ́ táyà ni ó di orúkọ bàtà lẹ́nu wa, n kò sì rò pé a ṣì í pè, nítorí pé bàtà náà ni táyà jẹ́ fún ọkọ̀. Gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, gbogbo ìgboyà awakọ̀, gbogbo bíréèkì tí a bá tẹ̀, ibi mẹ́rin tí táyà ti kan ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Ibi kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ bàtà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ń ṣe é ń dín kù. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí a ṣe pẹ̀lú rímù kékeré: íǹṣì 10, íǹṣì 12, 13, 14. Wọn kì í ṣe ọkọ̀ jákujàku. Àwọn kan nínú wọn gba ipò kìíní níwájú àwọn ọkọ̀ ńláńlá. Lónìí, ẹni tí ó bá ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì lè rí táyà lásán rà, èyí tí yóò gbé e dé ọjà tí yóò sì gbé e padà wálé. Táyà asáré ni ó ti di ọ̀wọ́n: èyí tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ nígbà tí a bá fi eré wọ kọ́ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé rímù kékeré kò dára tó ni ó fa èyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn náà fúnra rẹ̀ kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń ka ara táyà, nítorí pé àwọn òǹkà yìí yóò máa jẹ yọ. Bí ẹ bá rí 165/70 R 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, 165 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 70 ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga sí: ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. R ń sọ pé tààrà ni okùn inú rẹ̀ ń gbà kọjá láti etí kan sí etí kejì, ọgbọ́n tí Michelin ti ilẹ̀ Faransé gba ìwé-àṣẹ lé lórí ní 1946. 10 sì ni ìwọ̀n rímù tí yóò wọ̀, ní íǹṣì. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni lẹ́tà kan máa ń tẹ̀lé tí ń sọ eré tí táyà lè fara dà: S kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 180 ní wákàtí kan, H lè dé 210, V lè dé 240. Ẹ ó rí i pé mìlímítà àti íǹṣì ni wọ́n dà pọ̀ nínú orúkọ kan ṣoṣo, bí ẹni tí ó fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀.

Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní 1839 pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, kì í yọ́ nínú oòrùn mọ́, kì í sì í gan nínú òtútù. Vulcan, òrìṣà iná àti òrìṣà alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà lórúkọ; láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, fọ́kànáísà, ti rìn dé etí títì wa. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ṣe àwárí yìí ni, bóyá orúkọ Ògún ni à bá máa dá nígbà tí táyà bá jò. Robert William Thomson, ọmọ Scotland, gba ìwé-àṣẹ ní 1845 fún táyà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, ṣùgbọ́n ayé kò tíì ṣe tán fún un. John Boyd Dunlop, ọmọ Scotland mìíràn tí ó ń ṣe ìṣègùn ẹranko ní Belfast, gba tirẹ̀ ní 1888 fún kẹ̀kẹ́, orúkọ tirẹ̀ ni ó sì dúró.

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́kọ́ dóde, rímù ga, táyà sì tín-ín-rín, nítorí pé ọ̀nà burú: ẹsẹ̀ gíga ni ó lè gun kòtò kọjá. Bí ọ̀nà ti ń sunwọ̀n sí i ni rímù ń sọ̀ kalẹ̀. Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá lo íǹṣì 16 kí ó tó bọ́ sí 15 ní 1952. Morris Minor dé ní 1948 pẹ̀lú íǹṣì 14, ó sì kéré lójú àwọn ènìyàn ìgbà náà. Fiat 500 ti 1957 ní Ítálì lo íǹṣì 12. Ẹ ṣàkíyèsí pé kíkéré ni ó jẹ́ àmì ọ̀làjú nígbà náà. Ohun tí ó ga ni ti àwọn ará àtijọ́.

Ẹni tí ó ya Morris Minor ni Alec Issigonis, tí a bí ní 1906 ní ìlú Smyrna, èyí tí ń jẹ́ Izmir ní Turkey lónìí. Ní 1956, wàhálà odò Suez mú kí epo bẹntiróòlù wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí tí ìjọba fi ń pín in ní ìwọ̀n. Leonard Lord, ọ̀gá àgbà British Motor Corporation, wá ní kí Issigonis ṣe ọkọ̀ kékeré kan tí epo díẹ̀ yóò tó. Issigonis fẹ́ kí ènìyàn mẹ́rin àti ẹrù wọn wọ inú ọkọ̀ tí kò gùn ju mítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ó dá ẹ́ńjìnnì bùlẹ̀ ní ìbú, ó fi gíà sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi rọ́bà tí Alex Moulton ṣe rọ́pò àwọn irin sípíríǹgì. Ó wá ku ẹsẹ̀. Rímù gíga a máa jẹ àyè, nítorí pé ihò tí yóò máa yí nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ lọ. Wọ́n máa ń pìtàn rẹ̀ pé ó na ọwọ́ méjèèjì níwájú àwọn ará Dunlop, ó ní kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ tí yóò tó báyìí, wọ́n sì fi rúlà wọn àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì: íǹṣì 10.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ kí a lè mọ ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Táyà 145/80 R 10 ga tó sẹ̀ǹtímítà 48.6 láti ilẹ̀ dé òkè. Kí ó tó rin kìlómítà kan, yóò yí nǹkan bí ìgbà 655. Táyà 225/40 R 18, tí ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ òde òní, ga tó sẹ̀ǹtímítà 63.7, ìgbà 500 ni yóò yí kí ó tó rin kìlómítà kan náà. Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kékeré ń ṣe pọ̀ ju ti ẹsẹ̀ ńlá lọ, ó ń yára gbóná, ojú rẹ̀ sì ń tètè jẹ. Àwọn onímọ̀ Dunlop ní láti wá rọ́bà tí yóò fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i ṣe. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1959, Mini jáde pẹ̀lú táyà 5.20-10 lẹ́sẹ̀.

Issigonis kò ní ìdíje lọ́kàn. John Cooper ni ó ní in lọ́kàn, òun tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ Formula 1 ní 1959 àti 1960. Ní 1961 Mini Cooper dé, ó ní agbára púpọ̀ sí i àti bíréèkì onípáànù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7 níwájú. Cooper S tẹ̀lé e ní 1963 pẹ̀lú íǹṣì 7 àti ààbọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: irin bíréèkì tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 7 àti ààbọ̀ nínú rímù íǹṣì 10, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ń fún un pọ̀. Àyè tí ó kù kò gba ìka ọwọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìdíje Monte Carlo, tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré gun orí òkè Alps nínú yìnyín ní oṣù kìíní ọdún. Paddy Hopkirk ló fi Mini gba á ní 1964. Timo Mäkinen gba á ní 1965. Ní 1966, Mini mẹ́ta ló gba ipò kìíní, ipò kejì àti ipò kẹta, ṣùgbọ́n àwọn alábòójútó lé wọn kúrò nítorí gílóòbù iná iwájú, wọ́n sì fa ife ẹ̀yẹ náà lé Citroën lọ́wọ́. Rauno Aaltonen padà lọ ní 1967, ó sì gba á láìsí awuyewuye. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré jù lọ láàárín wọn ló ṣe èyí, kì í sì í ṣe pé ó ṣe é láìka ẹsẹ̀ náà sí; ẹsẹ̀ náà wà lára ohun tí ó ràn án lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ tí ó fúyẹ́ a máa tètè bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a máa tètè dúró, bí ó bá sì gbá òkúta kì í ju gbogbo ọkọ̀ sókè. Dunlop ń ṣe oríṣiríṣi táyà fún wọn, èyí tí ó ní ìṣó fún yìnyín àti èyí tí kò ní fún ọ̀dà gbígbẹ. Ohun tí ó yẹ kí a mú dání nìyẹn: ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà tí ó ń fi owó àti ọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí táyà íǹṣì 10, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ń jáde lọ́dọọdún tí yóò lò ó.

Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dúró hàn kedere ní 1976. Ní ọdún yẹn, ẹgbẹ́ Tyrrell gbé ọkọ̀ Formula 1 kan jáde tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu: P34, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Derek Gardner ni ó yà á. Ẹsẹ̀ ńlá méjì wà lẹ́yìn. Mẹ́rin kéékèèké, oní-íǹṣì 10 gẹ́gẹ́ bí ti Mini, wà níwájú, kí wọ́n lè sápamọ́ sẹ́yìn imú ọkọ̀ kúrò lójú afẹ́fẹ́. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ní Anderstorp ní Sweden, Jody Scheckter fi í gba ipò kìíní, Patrick Depailler sì fi èkejì rẹ̀ gba ipò kejì. Ẹ̀rín tán.

Ṣùgbọ́n Goodyear ni ó ń ṣe táyà fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn tí ń díje. Táyà ńlá ni gbogbo ẹgbẹ́ ń lò, òun ni Goodyear sì ń tún ṣe léraléra. Táyà íǹṣì 10 jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ta ni yóò máa náwó lé e lórí? Táyà ẹ̀yìn P34 ń sunwọ̀n sí i, ti iwájú kò kúrò lójú kan, ọkọ̀ náà sì di ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ ijó tí iwájú rẹ̀ kò mọ̀. Nígbà tí 1977 fi parí, Tyrrell pa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tì. Àwọn ìwé kan máa ń pè é ní àṣìṣe. Èmi máa ń wò ó bí ọmọ tí ó yè kooro tí a kò fún lóúnjẹ. Ohun tí ó pa P34 nínú ọdún méjì ni ó ń pa táyà asáré kéékèèké láti nǹkan bí ogójì ọdún wá, díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ ìgboro, bíréèkì ni ó kọ́kọ́ lé íǹṣì 10 lọ, ìdí yẹn sì dára. Ọkọ̀ ń wúwo sí i, eré ń pọ̀ sí i, irin bíréèkì gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i. Mini 1275GT bọ́ sí íǹṣì 12 ní àárín ọdún 1970 sí 1979, nígbà tí ó sì di 1984 gbogbo Mini ni ó wọ íǹṣì 12, kí bíréèkì oní-íǹṣì 8.4 lè wọlé. Ní apá ìparí ọdún 1990 sí 1999, íǹṣì 13 wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ san owó lé e. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, Mini tí ó kẹ́yìn jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ọkọ̀ tí BMW fi jogún orúkọ náà ní 2001 kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó dín ní íǹṣì 15.

Kì í ṣe Mini nìkan. Volkswagen Golf GTI ti 1976, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá gbogbo ọkọ̀ kékeré asáré, wọ 175/70 lórí rímù 13. Peugeot 205 GTI wọ 14 ní 1984. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì 1.9 dé ní 1986, ó di 15. Honda Civic Type R àkọ́kọ́, ní 1997, wọ 195/55 R 15, àwọn tí ó mọ eré sì ń yìn ín títí di òní. Èyí tí ó jáde ní 2017 wọ 245/30 R 20. Íǹṣì márùn-ún láàárín ogún ọdún! Ó jọ pé Honda fúnra wọn rò ó wò, nítorí pé ní 2022 wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí 19.

Bíréèkì kò lè jẹ́ ìdí fún gbogbo ìyẹn. Ojú ni ó kù. Láti nǹkan bí 1975, nígbà tí Pirelli gbé P7 jáde tí ó fẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kúrú, ojú ènìyàn ti kọ́ láti máa rí rímù ńlá bí agbára. Ayàwòrán ọkọ̀ fẹ́ rímù tí yóò kún ilé rẹ̀. Oníbàárà fẹ́ ohun tí aládùúgbò yóò rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo Formula 1. Títí di ìparí 2021, rímù íǹṣì 13 ni àwọn ọkọ̀ tí ó yára jù lọ ní àgbáyé lórí kọ́ọ̀nà ń wọ̀. Ní 2022 ni wọ́n bọ́ sí 18, ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí tí wọ́n sì sọ ni pé kí táyà ìdíje lè jọ ti ọkọ̀ ìgboro. Ẹ tún un kà: ìdíje ni ó lọ kọ́ bí a ti ń múra lọ́dọ̀ ọjà.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, ìyẹn inú ilé-iṣẹ́. Táyà kì í ṣe aṣọ tí télọ̀ lè gé ní ìwọ̀n oníbàárà. Inú irin gbígbóná ni a ti ń mọ ọ́n. Amọ̀kòkò lè fi ọwọ́ kan náà mọ ìsaasùn kí ó sì mọ ìkòkò omi. Ilé-iṣẹ́ táyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, àti àwòrán ojú kọ̀ọ̀kan, ní irin tirẹ̀ tí a fi ń mọ ọ́n, owó irin náà kò sì kéré. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá mú táyà asáré tuntun jáde, wọn a jókòó, wọn a wo ìwọ̀n tí àwọn ọkọ̀ tuntun ń lò, wọn a sì ṣe irin fún ìyẹn. Irin àtijọ́ a máa gbó, wọn kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ti ń dìtẹ̀ mọ́ íǹṣì 13; wọn kàn ń gbàgbé rẹ̀ ni nígbà tí wọ́n bá ń kọ àkọsílẹ̀.

Òfin náà ti di púpọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2012, táyà tí wọ́n bá ń tà ní ilẹ̀ Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní àmì tí ń sọ bí ó ṣe ń jẹ epo sí, bí ó ṣe ń di ilẹ̀ tútù mú àti bí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó. Òfin náà dára, kò sì gbàgbé àwọn àgbà: ó yọ táyà tí a ṣe fún ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1990 sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó kàn jẹ́ ogbó díẹ̀, tí kò tíì di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ni ó há sí àárín.

Mazda MX-5 ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó dùn mí jù. Ó dé ní 1989 pẹ̀lú 185/60 R 14, ó fúyẹ́, ó ń yọ̀ bí ọmọ ewúrẹ́. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá ìdíje Spec Miata sílẹ̀ fún un, tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ dọ́gba, rímù íǹṣì 15 ni wọ́n fi sínú òfin. Láti ìgbà náà, táyà asáré oní-íǹṣì 15 ń rí oníbàárà, nítorí náà wọ́n ń ṣe é. Ti 14 kò rí. Ẹni tí ó ní rímù 14 tí ó dá ọkọ̀ náà wá sáyé gbé e sí ìta, ó ra 15. Oníbàárà 14 sì tún dín ẹyọ kan. Kò sí ẹni tí ó ṣe ohun tí kò bọ́gbọ́n mu nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀ ìwọ̀n kan ń kú.

Àwa náà mọ ohun tí àṣàyàn tí ń dín kù jẹ́. Michelin ní ilé-iṣẹ́ ní Port Harcourt, Dunlop ní tirẹ̀ ní Ìkejà. Michelin dáwọ́ dúró ní 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró níbẹ̀ ní 2008. Láti ìgbà náà, ohun tí ó bá gba ojú omi dé ni a ń lò. Mo ní rímù 13 lára ọkọ̀ tèmi, n kò sì tijú rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ ga, ó ń fara da kòtò tí yóò fọ́ rímù 18 ẹni tí ó ṣe fáàrí. Mo bi bàbá fọ́kànáísà kan ládùúgbò wa léèrè pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé ẹ ṣì ń rí 13 tó dáa rà?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, 13 wà. Àmọ́ èyí tí wọ́n bá gbé wá fún wa la ń gbà. Láyé ọjọ́un, ìwọ lo máa sọ èyí tí o fẹ́.”

Àwọn wo ni ó kù tí ń ṣe é? Ilẹ̀ Japan ni ó gbé e ró jù, nítorí pé òfin ibẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí owó orí wọn kéré. Honda Beat ti 1991 wọ 13 níwájú àti 14 lẹ́yìn. Suzuki Cappuccino ọdún kan náà wọ 14. Yokohama ni orúkọ tí àwọn oní-Mini ń dá jù: A008 ni tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ A032R ní 165/70 R 10, táyà asáré gidi fún rímù tí ó kéré jù lọ. Ṣùgbọ́n Japan pàápàá ń gùn sókè: Honda S660 tí ó jáde ní 2015, tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2022, wọ 15 níwájú àti 16 lẹ́yìn. Nankang ti Taiwan ń ṣe íǹṣì 13 nínú àwọn ẹ̀yà asáré rẹ̀. Ní Ítálì, Pirelli padà sí Cinturato CN54 fún Fiat 500 àtijọ́, àwòrán ojú rẹ̀ ti àtijọ́, rọ́bà inú rẹ̀ ti òde òní.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ni ó pàdánù jù. Ilé-iṣẹ́ Fort Dunlop ní Birmingham, tí ó ti wà láti ìgbà ogun àgbáyé kìíní, ṣe táyà ìdíje tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ ní 2014. Ní Melksham, ìlú kékeré kan ní Wiltshire, Avon ti ń ṣe rọ́bà láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibẹ̀ ni wọn kò kọ̀ láti ṣe táyà díẹ̀ fún ọkọ̀ díẹ̀, pàápàá íǹṣì 13 fún àwọn ọkọ̀ ìdíje àtijọ́. Cooper Tire ti Amẹ́ríkà rà á ní 1997. Goodyear ra Cooper Tire ní 2021. Lẹ́yìn náà Goodyear kéde pé àwọn yóò ti Melksham pa. Nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, ìlú kan tí ń ṣe táyà díẹ̀díẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dà bí àṣìṣe.

Ìdíje àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń pa iná náà mọ́. Ní Goodwood ní 2019, wọ́n ṣe ìdíje kan tí Mini nìkan wọ̀, láti fi ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ọkọ̀ náà. Níwọ̀n ìgbà tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lórí kàlẹ́ńdà, ẹnì kan yóò máa ṣe íǹṣì 10 fún un. Ẹni tí ó ń gbé Mini lọ síbi iṣẹ́ kò sí nínú ìṣirò wọn, nítorí pé táyà ìdíje kò dára fún òjò àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe ni ó ń bà mí lẹ́rù. Yóò rí táyà asáré kan tí wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, tí ó wà ní igun sọ́ọ̀bù láti ọdún gbọọrọ, yóò sì rà á tayọ̀tayọ̀ nítorí pé kò tíì kan ilẹ̀ rí. Rọ́bà ń darúgbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Ó ń le, kì í sì í di ilẹ̀ mú mọ́, pàápàá bí ilẹ̀ bá tutù. Òǹkà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo táyà tí a ṣe láti 2000 wá: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Èyí tí ó ní òǹkà mẹ́ta péré ti jẹ́ ti ọ̀rúndún tó kọjá.

Bàbá fọ́kànáísà mọ èyí dáadáa. Ní ọjọ́ tí a jọ sọ̀rọ̀ yẹn, ó fa táyà 13 kan jáde lábẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ ń dán, ìlà rẹ̀ jinlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n kà á. 1611 ni mo rí.

“Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, 2011,” ni ó wí, ó sì tì í padà sábẹ́ tábìlì. “Ojú rẹ̀ tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ti kú. Lọ, màá pè ọ́ bí òmíràn bá dé.”